Oṣù Wo Ni Kí Bàbá Wá?

"Oṣù wo ló dáa jù láti wá sí ìlú yẹn?"

Bàbá mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gba yàrá tèmi ní Bangkok. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń wo aṣọ tí mo sá. Mi ò mọ oṣù tó dáa. Èmi alára ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wádìí, Bàbá."

Wọ́n ní, "Wádìí dáadáa o. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo máa wá."

Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n wí yẹn kì í ṣe àwàdà. Àìsàn kan wà lójú bàbá mi tí kì í dunni, tí kì í sì í pọ́n lójú, ṣùgbọ́n tó ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, títí ohun tó kù kò fi ní ju ihò kékeré lọ. Dókítà ní Ìjẹ̀bú-Òde ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Káyọ̀dé, pé ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, pé ọ̀tún ti ń tẹ̀ lé e, pé oògùn tí wọ́n ń kán sí i kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Ó ní bí ohun kan bá wà tí bàbá fẹ́ fojú rí, kí wọ́n má fi falẹ̀. Bàbá mi ní ibi tí ọmọbìnrin àwọn ń gbé ni àwọn fẹ́ rí.

Tíṣà jógíráfì ni wọ́n. Gbogbo àdúgbò wa ló ń pè wọ́n ní Tíṣà, títí kan àwọn tí wọn kò kọ́ rí. Máàpù Éṣíà ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀ wa láti kékeré mi, ó ti gbó, igun rẹ̀ kan ti ká. Bàbá mi lè dárúkọ gbogbo odò tó wà lórí rẹ̀ láìwò ó, ṣùgbọ́n Kútọnu ni ibi tó jìnnà jù tí wọ́n dé rí láyé wọn. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ olùkọ́ tí mo rí, Bangkok ló wà, wọn kò bi mí bóyá ewu wà níbẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n súnmọ́ máàpù náà títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, wọ́n sì fi ìka lé ibẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí lọ́kàn rú ní ìlú yìí ni pé kò ṣàjèjì tó. Bí wọ́n bá ti ní òkè òkun fún àwa, òtútù la máa ń rò. Mo ti múra ọkàn mi sílẹ̀ de òtútù. Ṣùgbọ́n ooru tó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ooru ilé ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bẹ, ìbẹ́pẹ ń bẹ, àgbọn ń bẹ lọ́tùn-ún lósì. Mo tilẹ̀ rí ewé ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ọgbà kan, mo sì dúró tì í bí ẹni tó pàdé ará ilé. Kò sí ẹni tó mọ gàrí. Bí ìlú náà bá tutù ni, ara mi ì bá tètè gbà pé mo ti kúrò nílé. Èyí ń tàn mí jẹ lójoojúmọ́: màá jí, màá gbọ́ òórùn ilẹ̀ tútù, màá fẹ́ pe ẹnì kan, ìgbà yẹn ni màá tó rántí.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní jéléósinmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú mi lọ kí ìyá àgbà tó ni ilé ìwé náà. Mo kúnlẹ̀ fún wọn. Orúnkún mi ti kan ilẹ̀ kí n tó ronú. Ìyá náà ta gìrì, wọ́n rò pé nǹkan ló ṣe mí, wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, àwọn náà kúnlẹ̀, wọ́n di èjìká mi mú. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, a ń wo ara wa. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Nọ́ì ló wá gbé wa dìde, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, tí wọ́n á sì tẹ orí ba. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Píì Nọ́ì. Píì ni wọ́n ń pe ẹni tó bá júni lọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ara mi rọ̀ díẹ̀.

Àwọn ọmọ máa ń fi ìka ra apá mi, wọ́n á sì wo ìka wọn bóyá nǹkan kan ṣí sí i. Mi ò bínú. Ohun tó ń dùn mí ni ọjọ́ Àìkú, tí kò sí ẹni tó máa kanlẹ̀kùn, tí kò sí ẹni tó máa béèrè bóyá mo ti jẹun. Màá rẹ gàrí, màá jókòó sí ojú fèrèsé. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan ketekete tí mo gbé wá ti ń lọ sílẹ̀, mo sì ń fi ṣíbí kékeré bù ú. Ìṣẹ́gun díẹ̀ náà wà o. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi èdè wọn sọ fún obìnrin oníbúkà kan pé kó má fi ṣúgà sí tíì mi, tó sì gbọ́ mi, inú mi dùn débi pé mi ò ṣàkíyèsí pé mílíìkì ló fi kún un dípò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oṣù ló gba ọkàn mi. Oṣù kẹwàá ni mo dé, nígbà tí òjò ń kógbá sílé, mi ò sì tíì rí ọdún ìlú náà yí po. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run bí ẹni tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́. Oṣù kọkànlá dára púpọ̀. Oòrùn mọ́, atẹ́gùn ń fẹ́, gbogbo nǹkan hàn kedere. Píì Nọ́ì ní, "Ìgbà yìí ni kí bàbá ẹ wá." Àmọ́ owó ìrìnnà kò tíì pé, ìwé ìrìnnà bàbá náà kò tíì jáde, kò sì sí bí a ṣe lè dá oṣù náà dúró. Nígbà tó fi di oṣù kìn-ín-ní, èéfín ti bo ìlú. Ilé gíga tó wà níwájú fèrèsé mi pòórá.

Mo sọ fún bàbá mi. Wọ́n ní, "Ọyẹ́ ni?"

"Kì í ṣe ọyẹ́, Bàbá. Èéfín mọ́tò àti ti oko tí wọ́n ń sun ni. Ìbòmú la fi ń jáde."

"A jẹ́ pé mi ò ní rí nǹkan kan nìyẹn."

"Ẹ ò ní rí nǹkan kan, sà."

 Wọ́n ní, "Kò burú. Ǹjẹ́ oṣù kẹrin ńkọ́?"

Oṣù kẹrin dé, ooru rẹ̀ sì kọjá àfẹnusọ. Olùkọ́ kan dákú lórí ìlà ní ibùdókọ̀ níṣojú mi. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe ọdún tí wọ́n fi ń da omi síra wọn lára láàárín títì, tọmọdé tàgbà, omi láti ọ̀tún, omi láti òsì. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo dúró tí mo ń ronú ẹni tí kò rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, tí omi máa kàn já lù láìmọ ibi tó ti wá. Mo fagi lé oṣù kẹrin.

Bàbá mi fúnra wọn fagi lé ìgbà Iléyá. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, àmọ́ ìyẹn ò ní kí wọ́n má bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn, lọ sí Ojúde Ọba, ọdún ọjọ́ kẹta Iléyá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn kò pọ̀ mọ́, pé bí àwọn kò bá sí níbẹ̀, àyè tó máa ṣófo á hàn jù. Lójoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi pé oṣù wo ló kù. Bọ̀dá Káyọ̀dé á pè mí, wọ́n á ní, "Àbúrò, a ti lọ sọ́dọ̀ dókítà o." Mi ò ní í lè béèrè ohun tó tẹ̀ lé e. Màá kàn dúró kí wọ́n sọ ọ́.

Ìgbà náà ni oṣù kẹjọ sọ sí mi lọ́kàn, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Báwo ni mi ò ṣe tètè rò ó? Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni kò mọ oṣù kẹjọ? Òjò á dáwọ́ dúró, ojú ọ̀run á kàn ṣú láìrọ̀, ara á tutù. Ìgbà yẹn la máa ń kan òrùlé. Ìgbà yẹn la máa ń dá ìsìnkú àgbà sí, kí agboorùn má bàa ju èrò lọ. Kò ní sí èéfín, kò ní sí ooru, òjò á sì ti lọ sinmi. Mo pe bàbá mi lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, oṣù kẹjọ ni. Ọ́gọ́ọ̀sì bírèkì!"

  Wọ́n ní, "Oṣù kẹjọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Oṣù kẹjọ náà ni. Kí ẹnikẹ́ni má yí i padà mọ́." Ohùn wọn dùn lọ́nà kan tí mi ò gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Bọ̀dá Káyọ̀dé ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Irú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í pààrọ̀ ọjọ́ rẹ̀ ni.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Oṣù kẹfà, oṣù keje, ó ń rọ̀ lọ́sàn-án, ó ń rọ̀ nírọ̀lẹ́, omi á bo títì àdúgbò mi dé kókósẹ̀. Ìyẹn ò dà mí láàmú. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti Píì Nọ́ì ń fi aṣọ nu omi kúrò ní kíláàsì, mo fi ayọ̀ sọ fún un pé ó ku díẹ̀ kó sinmi.

Ó ní, "Kí ló máa sinmi?"

"Òjò. Nínú oṣù kẹjọ."

Ó gbé aṣọ ìnulẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Kò sí ìsinmi kankan. Títí di oṣù kẹwàá ló máa ń le sí i."

 Mo jókòó sórí àga kékeré ọmọdé. Ìlú ti jọ tilé débi pé mo ti fi kàlẹ́ńdà ilé wa kà á, mi ò sì rántí béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tíṣà jógíráfì! Nígbà tí mo délé, mo pe Bọ̀dá Káyọ̀dé, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ẹkún.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò lè sún un di oṣù kọkànlá?"

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Àbúrò, ẹ̀yìn Ojúde Ọba ni dókítà tún yẹ̀ wọ́n wò. Ìyàtọ̀ ti wà nínú ojú ọ̀tún. Mi ò fẹ́ kó o mọ̀. Jẹ́ kí wọ́n wá báyìí. Má sọ fún wọn pé òjò wà, wọn ò ní fẹ́ dà ẹ́ láàmú, wọ́n á ní àwọn ò wá mọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, oorun ò kùn mí dáadáa. Mo ká ìwé bí fèrè, mo fi ojú ọ̀tún wo inú rẹ̀, mo di ojú òsì, mo sì rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé mi dé ibùdókọ̀, kí n lè mọ bí bàbá mi ṣe ń ríran. Ọlọ́kadà kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì olómi ọsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi, torí mi ò rí i rárá títí ó fi dé iwájú mi. Ó ṣépè fún mi. Mo mọ gbogbo òkúta tó mì lójú ọ̀nà yẹn, mo mọ ibi tí gọ́tà ti ṣí sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí omi bá bò wọ́n, kò sí ẹni tó máa mọ ibi tí wọ́n wà. Lójú mi ni bàbá mi ti ń ṣubú, lójoojúmọ́, kí wọ́n tó kúrò nílé pàápàá.

Wọ́n dé. Nígbà tí wọ́n jáde ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ti rù ju bí mo ṣe rò lọ. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń juwọ́, wọn kò rí mi. Mo ní láti lọ dúró síwájú wọn gan-an. Wọ́n yí orí díẹ̀, wọ́n wá mi rí, ojú wọn sì tàn.

"Ẹ̀ẹ́tirí?" Bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń bi ara wa pé báwo ni nǹkan ni wọ́n ṣe bi mí, láàárín gbogbo èrò yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo sì bú sẹ́kún, kò sì sí ẹni tó ní kí n dìde ju bàbá mi lọ.

Òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ńṣe ni mò ń mú wọn kiri bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. A lọ wo odò, a lọ wo àwọn ilé òrìṣà tí òrùlé wọn ń kọ mànà, a lọ wo ọjà òdòdó. "Ẹ wo ibí, Bàbá. Ẹ yí orí sọ́tùn-ún. Ẹ rọra, àtẹ̀gùn wà." Apá wọn ò kúrò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń wò, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà, wọ́n á tún gbé ojú sókè.

Mo ní, "Kí lẹ ń wá lókè, Bàbá?"

Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, a ń bọ̀ láti jéléósinmi, níbi tí mo ti mú wọn lọ kí ìyá àgbà àti Píì Nọ́ì. Atẹ́gùn kan dìde lójijì, ojú ọjọ́ ṣú, kí n tó ṣí agboorùn, òjò ti dé. Irú òjò tí èèyàn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ni. Mo fa bàbá mi wọ abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tì. Omi ti ń gorí títì. Ó ti bo gọ́tà, ó ti bo òkúta, gbogbo ibi tí mo há sórí ti lọ. 

Mo pariwo sí wọn létí, "Ẹ forí jì mí, Bàbá! Mo rò pé wọ́n ní ọ́gọ́ọ̀sì bírèkì ni! Èmi ni mo mú yín wá sínú òjò!"

Bàbá mi yíjú sí mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú wọn fi ọwọ́ di ògiri. "Ọ́gọ́ọ̀sì bírèkì! Ní Bangkok! Ta ló kọ́ ẹ ní jógíráfì?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Irọ́ ni. Ọmọ tí mo kọ́ kò ní sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n nu ojú. "Ọjọ́ tí o dárúkọ oṣù náà ni mo ti mọ̀. Mo dákẹ́ ni, kó o má bàa lọ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kó o tún yí i padà."



Wọ́n ní, "Ṣé o mọ iye ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ní mọ́ńsúùnù Éṣíà, atẹ́gùn tó ń gbé òjò bọ̀? Ṣọ́ọ̀kì búlúù ni mo fi ń ya atẹ́gùn rẹ̀ sójú pátákó, ọfà ńlá, látorí òkun wá sórí ilẹ̀. Ọdọọdún. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á yege ìdánwò, wọ́n á lọ. Èmi tí mò ń yà á, mi ò rí i rí." Wọ́n na ọwọ́ jáde lábẹ́ òrùlé, òjò sì ń lù ú. "Ìwọ ń wá oṣù tí ojú ọ̀run mọ́ fún mi. Kí ni mo fẹ́ fi ojú ọ̀run tó mọ́ ṣe? Ó wà n'Íjẹ̀bú-Òde."

Wọ́n wá bi mí pé ibo ni gúúsù ìwọ̀-oòrùn wà. Mi ò mọ̀. Mo yọ fóònù, mo wò ó, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di èjìká wọn mú, mo yí wọn díẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Atẹ́gùn gbé òjò kọlù wọ́n lójú. Wọn kò yíjú kúrò. Wọ́n la ojú ọ̀tún náà sílẹ̀ gbayawu, omi ń ṣàn gba inú rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ pé ojú yín o, Bàbá, oògùn tí ẹ kán sí i o. Mi ò sọ ọ́.

"Láti apá ibẹ̀ náà ló ti ń wá bá wa nílé," ni wọ́n wí. "Apá ibẹ̀ kan náà." Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní, "Ààrin ni mò ń rí. Sọ fún mi, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn. Mo ní obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ ọsàn rẹ̀ kọjá nínú omi, ó fi ike bo orí. Mo ní ọlọ́kadà mẹ́ta wà lábẹ́ afárá, ọ̀kan ń jẹun. Mo ní ajá kan dúró lórí àga. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé tí mo wo ìlú yẹn láìfi ilé wọ̀n ọ́n. Nígbà tí òjò náà dẹwọ́ díẹ̀, Píì Nọ́ì wá bá wa pẹ̀lú bàtà rọ́bà, a di bàbá mi mú lọ́tùn-ún lósì, a sì gba inú omi lọ sílé. Wọn kò ṣubú.

Oṣù kọkànlá ti tún dé báyìí. Oòrùn mọ́, ilé gíga iwájú fèrèsé mi hàn kedere, àwọn àlejò kún ìlú, gbogbo wọn ló mọ̀ pé oṣù tó dáa jù nìyí. Mo pe ilé lánàá. Bọ̀dá Káyọ̀dé ló gbé e, wọ́n ní ojú ọ̀tún náà ti lọ, pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù, pé bàbá kò pariwo. Wọ́n gbé fóònù fún bàbá mi.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá."

"Ìrọ́jú kí ni? Ṣé òjò ṣì ń rọ̀ níbẹ̀?"

"Ó ti dá, sà. Ojú ọ̀run mọ́ gan-an."

"Hẹn-ẹn." Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga súnmọ́ nǹkan kan, ó sì dá mi lójú pé ìdí máàpù ni. Ọyẹ́ ti ń mú bọ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde, ó ti pẹ́ tí ilẹ̀ ti gbẹ.

Wọ́n ní, "Lọ́dọ̀ tèmi níbí, ó ṣì ń rọ̀."